Orí Keje: Nígbà Tí Jẹjẹrẹ Bá Fún Okùn Ọ̀pá-Ẹ̀yìn Mọ́

Ọjọ́ 122 àti ọjọ́ 13. Lọ́dún 2005, iye ọjọ́ méjèèjì yìí yí èrò ọ̀pọ̀ dókítà padà kárí ayé. Ọdún náà ni Roy Patchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Kentucky, nílùú Lexington ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Àwọn tí wọ́n wádìí lé lórí jẹ́ aláìsàn tí jẹjẹrẹ ti kúrò níbi tó ti kọ́kọ́ yọjú, tó ti gúnlẹ̀ sínú eegun ẹ̀yìn, tó sì ń fún okùn iṣan tó gba inú eegun náà kọjá. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán nìkan tọ́jú, ọjọ́ 13 péré ni ẹni tó wà láàárín fi lè rìn. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ìtànṣán tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ ọjọ́ 122.

Iṣẹ́ abẹ yìí gan-an ni orí yìí dá lé. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í wo jẹjẹrẹ sàn. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí aláìsàn lè máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé balùwẹ̀, kí ó máa mọ ìgbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, kí ó sì máa rí oorun sùn, ní gbogbo ọjọ́ tó bá kù fún un láyé. Ohun méjì ló ń sọ bóyá iṣẹ́ abẹ náà yóò ṣiṣẹ́: irú aláìsàn tí wọ́n yàn fún un, àti bí aláìsàn náà ṣe tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà tó.

Bí jẹjẹrẹ ṣe ń dé eegun ẹ̀yìn

Tí jẹjẹrẹ bá kúrò lójú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ ló sábà máa ń lọ. Eegun ló ṣìkẹta wọn, kò sì sí eegun tó ń bọ́ sí tó eegun ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti prostate ló ń ṣe é jù. Jẹjẹrẹ kíndìnrín àti èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eegun náà kò gbẹ́yìn. Ìṣirò tí ìwé ìṣègùn sábà máa ń lò ni pé nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ, bí 5 sí 10 ni jẹjẹrẹ yóò fún okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn wọn mọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ eegun ẹ̀yìn? Lọ́dún 1889, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní London, Stephen Paget, yẹ àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò òkú obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò. Ó rí i pé jẹjẹrẹ kì í kàn bọ́ síbi tó bá ṣáà rí. Ó ní àwọn ẹ̀yà ara tó fẹ́ràn. Ó wá fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀: jẹjẹrẹ ni irúgbìn, ẹ̀yà ara ni ilẹ̀, irúgbìn lè fọ́n káàkiri, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tó bá bá a lára mu nìkan ló ti máa ń hù. Mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn, tí ẹ̀jẹ̀ kún dáadáa, jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá fún un.

Oscar Batson ní Philadelphia fi ọ̀nà tí irúgbìn náà ń gbà hàn lọ́dún 1940. Ó fa oògùn tó ń hàn lábẹ́ ẹ̀rọ ẹ́síréè sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú ara òkú ọkùnrin, ó sì rí i tí oògùn náà gba abẹ́ ikùn gòkè lọ sínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí eegun ẹ̀yìn ká. Àwọn iṣan yìí kò ní ìlẹ̀kùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Tí ènìyàn bá wúkọ́, tó bá gbé ẹrù wúwo tàbí tó bá igbẹ́ líle jà, ẹ̀jẹ̀ inú wọn lè padà sẹ́yìn, kó sì gbé èérún jẹjẹrẹ láti ibi prostate lọ sínú eegun ẹ̀yìn tààrà láìgba inú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Àlàyé rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ṣì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn títí di òní.

Nínú aláìsàn 10, bíi mẹ́fà ni ọ̀ràn náà máa ń bá ní eegun ẹ̀yìn tó wà ní ìbú àyà, bíi mẹ́ta ní ìbàdí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹyọ kan ní ọrùn. Ti àyà ló léwu jù, nítorí pé ọ̀nà tí okùn ń gbà kọjá níbẹ̀ há, kò sì sí àyè púpọ̀ tí okùn lè yẹ̀ sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí okùn náà

Eegun ẹ̀yìn tó wà láti ọrùn dé ìbàdí jẹ́ 24: méje ní ọrùn, 12 ní àyà, márùn-ún ní ìbàdí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní apá iwájú tó nípọn, òun ló ń ru ìwúwo ara, ó sì ní eegun pẹlẹbẹ lẹ́yìn tó ṣe ìbòrí fún okùn. Àárín apá méjèèjì ni okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ọpọlọ. Nínú àgbàlagbà, okùn náà parí níbi eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì; láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ìdìpọ̀ iṣan ìmọ̀lára ló kù. Ohunkóhun tí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe, inú okùn yìí ni yóò gbà. Ìmọ̀lára tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ rán sí ọpọlọ náà, ibẹ̀ ni yóò gbà padà.

Apá iwájú eegun ni jẹjẹrẹ sábà máa ń bà sí. Ó ń jẹ eegun náà láti inú, títí yóò fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sójú ọ̀nà okùn. Nígbà mìíràn, eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ kò lè ru ìwúwo ara mọ́. Á wó, èérún rẹ̀ á sì ya lu okùn.

Kì í ṣe ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìkan ló ń pa okùn. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dí, omi á wá kóra jọ sínú okùn, okùn á sì wú. Ní ìpele yìí, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà. Tí ìfúnmọ́ náà bá ń le sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé náà á dẹ́kun, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú okùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó bá kú nínú okùn ọ̀pá-ẹ̀yìn kì í jí mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń wo bí àìlera ẹsẹ̀ ṣe yára tó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń gbádùn ìtọ́jú ju ẹni tí tirẹ̀ rọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Àmì tó ń ṣáájú

Ìrora ni àmì àkọ́kọ́. Ó máa ń bá èyí tó ju 8 nínú aláìsàn 10, ó sì sábà máa ń ṣáájú àìlera ẹsẹ̀ pẹ̀lú bí oṣù méjì. Oṣù méjì yẹn ló ṣeyebíye jù nínú gbogbo ìtàn àìsàn yìí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣòfò. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìn ríro kì í já ènìyàn láyà. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á da àgbo sí i, wọ́n á wá ẹni tí yóò wọ́ ẹ̀yìn náà. Nígbà tí aláìsàn bá fi máa dé ọsibítù ńlá, ẹ̀pa lè má bóró mọ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú ìrora mẹ́ta tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ síra. Èkíní ni èyí tó ń dun ènìyàn lójú kan náà, tó ń le sí i lóru tàbí nígbà tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ló mú un máa ń sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ti jẹjẹrẹ kì í sinmi. Èkejì ni èyí tó ń dé nígbà tí aláìsàn bá dìde, tó bá yí padà tàbí tó bá rìn, tó sì ń rọlẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́: ó ń fi hàn pé eegun náà ti ń yẹ̀. Ẹ̀kẹta ń tẹ̀ lé ojú ọ̀nà iṣan ìmọ̀lára kan. Tó bá jẹ́ ti àyà, á yí àyà tàbí ikùn ká bí ìgbànú. Tó bá jẹ́ ti ìbàdí, á ta wọ itan lọ.

Lẹ́yìn ìrora ni ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Aláìsàn á ní òun kò lè gun àtẹ̀gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, pé orúnkún òun ń yẹ̀, pé òun kò mọ ibi tí òun ń tẹ̀. Ara á máa kú láti ẹsẹ̀ gòkè dé ibì kan nínú ikùn tàbí àyà. Àìlè tọ̀ tàbí ìtọ̀ tó ń dá jáde fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń gbẹ̀yìn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró dè é. Nínú aláìsàn márùn-ún, bí ẹnì kan ni kò mọ̀ rárá pé òun ní jẹjẹrẹ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àkọ́kọ́

Ẹ́síréè kò tó fún àìsàn yìí, nítorí pé ó dìgbà tí jẹjẹrẹ bá ti jẹ púpọ̀ nínú eegun kí ó tó hàn lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ MRI ni àyẹ̀wò tó yẹ, gbogbo eegun ẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yà, torí jẹjẹrẹ lè wà lójú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde lọ́dún 2008 sọ ọ́ gbangba: tí ènìyàn tó ní jẹjẹrẹ bá ní ìrora ẹ̀yìn tó jọ ti jẹjẹrẹ tó ṣí lọ, kí wọ́n ṣe MRI fún un láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹsẹ̀ bá ti ń rọ tàbí tí ara bá ti ń kú, kí ó má kọjá wákàtí 24.

Tí aláìsàn kò bá ní jẹjẹrẹ tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó pọn dandan kí wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ní ilẹ̀ wa, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń jẹ eegun ẹ̀yìn, ó sì lè fún okùn mọ́ bíi ti jẹjẹrẹ gẹ́lẹ́. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ yàtọ̀ sí ti jẹjẹrẹ pátápátá, nítorí náà ẹni tó bá fojú díwọ̀n lásán lè pa aláìsàn lára.

Kí àbájáde gbogbo tó dé, dókítà á ti bẹ̀rẹ̀ oògùn dexamethasone. Òun ló ń mú kí omi tó kó sínú okùn fà. Mílígíráàmù 16 lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà ń fún aláìsàn ní iye tó ga gan-an, ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní ilẹ̀ Netherlands lọ́dún 1989 fi mílígíráàmù 100 wé 10 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àkọ́kọ́, kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Dexamethasone púpọ̀ máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ó sì ń mú kí ojú iṣẹ́ abẹ pẹ́ jinná. Oògùn yìí ń ra àkókò fún aláìsàn ni. Kò gba ipò ìtọ́jú tó kàn.

Iṣẹ́ abẹ àtijọ́ àti ìdí tó fi kùnà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ abẹ mọ̀ láti ṣe: ó ń gé eegun ìbòrí ẹ̀yìn kúrò kí okùn lè rí àyè. Orúkọ rẹ̀ ni laminectomy. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá wà nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ wà ní iwájú okùn, oníṣẹ́ abẹ sì ń ṣí ẹ̀yìn. Kókó náà wà níbi tó wà. Ohun tó tún burú ni pé eegun iwájú ti jẹrà, apá ẹ̀yìn nìkan ló kù tó ń gbé ara ró, òun náà ni wọ́n sì wá gé dànù. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rọ ló jáde pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tó ti yẹ̀.

Lọ́dún 1980, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kékeré kan jáde, aláìsàn 29 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi laminectomy pẹ̀lú ìtànṣán wé ìtànṣán nìkan, wọn kò sì rí àǹfààní kankan tí iṣẹ́ abẹ náà fi kún un. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìtànṣán nìkan di ìtọ́jú tó gbajúmọ̀ fún nǹkan bí ọdún 25.

Ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ ń dára sí i. Raymond Roy-Camille ní Paris ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sukúrúù sínú eegun ẹ̀yìn láàárín àwọn ọdún 1960, ó sì ń fi irin so wọ́n pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn bíi Kevin Harrington àti Narayan Sundaresan ń gba iwájú wọlé lọ bá kókó jẹjẹrẹ níbi tó wà gan-an, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n sì ń fi sìmẹ́ńtì eegun dí àyè rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá iṣẹ́ abẹ tuntun yìí lè ṣe ohun tí laminectomy kò lè ṣe.

Ìwádìí Kentucky

Ìbéèrè yìí ni Patchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn. Láti ọdún 1992 dé 2002, ilé ìwòsàn méje kó aláìsàn 101 jọ, wọ́n sì fi ìlànà tó dà bí kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì: 50 fún iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán, 51 fún ìtànṣán nìkan. Gbogbo wọn gba dexamethasone. Gbogbo wọn gba ìtànṣán 30 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) tí wọ́n pín sí ìgbà 10. Àwọn tí iṣẹ́ abẹ bọ́ sí lọ́wọ́, láàárín wákàtí 24 ni wọ́n ṣe é fún wọn. Oníṣẹ́ abẹ gba ibi tí kókó wà wọlé, ó tú okùn sílẹ̀ yíká, ó sì fi irin gbé eegun tó bá ti yẹ̀ ró.

Nínú àwọn 50 tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 42 ló lè rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn 51 tó kù, 29 ni. Èyí tó wọni lọ́kàn jù ni ti àwọn tí kò lè rìn rárá nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n jẹ́ 16 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tún dìde rìn. Mẹ́ta péré ló rìn nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Oògùn ìrora tí ẹgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ń lò kéré sí ti èkejì, iye ọjọ́ tí wọ́n lò ní ọsibítù kò sì ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí iye aláìsàn tí wọ́n fẹ́ tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ láti máa fi iṣẹ́ abẹ du ẹgbẹ́ kejì.

Ó yẹ kí a ka ìwádìí yìí pẹ̀lú làákàyè. Wọ́n ṣa àwọn aláìsàn náà gan-an. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ pátápátá ju wákàtí 48 lọ kò sí níbẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti fún okùn rẹ̀ mọ́ lójú méjì kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò rò pé yóò lo oṣù mẹ́ta sí i láyé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ jẹ́ irú tí ìtànṣán máa ń tètè yọ́. Nígbà tí wọ́n tún àkójọ náà yẹ̀ wò lọ́dún 2009, wọ́n rí i pé àǹfààní iṣẹ́ abẹ ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, pé lẹ́yìn ọdún 65, ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kò hàn mọ́. Nítorí náà, ìwádìí Kentucky kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó bá yẹ fún un yóò jèrè rẹ̀ púpọ̀.

Ta ni iṣẹ́ abẹ yẹ?

Ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, àwọn dókítà kó ohun tó yẹ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò jọ sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì ń pè é ní NOMS. Ó rọrùn láti rántí, ó sì wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ níbikíbi.

Àkọ́kọ́ ni ipò okùn: báwo ni ìfúnmọ́ náà ṣe le tó lórí MRI, ṣé ẹsẹ̀ sì ti ń rọ? Èkejì ni irú jẹjẹrẹ tó jẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ tàbí mùdùnmúdùn máa ń yọ́ lábẹ́ ìtànṣán, débi pé iṣẹ́ abẹ lè má pọn dandan bí okùn tilẹ̀ ti há. Ti kíndìnrín kì í tètè gbọ́ ti ìtànṣán tí wọ́n pín wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ni bí eegun ṣe dúró. Ìtànṣán lè pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò lè to eegun tó ti yẹ̀. Láti ọdún 2010 ni àwọn dókítà ti ń lo òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ SINS fún èyí. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ń fún ní máàkì: ibi tí kókó wà, irú ìrora, irú ìbàjẹ́ tó bá eegun, bóyá ó ti wọ́, bí ó ṣe wó tó, àti ipò apá ẹ̀yìn rẹ̀. Tí àròpọ̀ bá jẹ́ 0 sí 6, eegun dúró dáadáa; 7 sí 12, ó ṣeé ṣe kó yẹ̀; 13 sí 18, ó ti yẹ̀. Láti 7 lọ sókè ni ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ rí i.

Ẹ̀kẹrin ni ara aláìsàn lápapọ̀. Ṣé ó lè fara da iṣẹ́ abẹ? Báwo ni jẹjẹrẹ ṣe tàn dé ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró? Yasuaki Tokuhashi ní ilẹ̀ Japan ṣe òṣùwọ̀n kan lọ́dún 1990 láti fojú díwọ̀n iye ọjọ́ tó lè kù fún aláìsàn, ó sì tún un ṣe lọ́dún 2005. Máàkì 15 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní 8 tàbí kí ó dín, wọn kì í retí pé yóò kọjá oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní 12 sí 15, wọ́n ń retí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, oògùn jẹjẹrẹ tuntun sì ti ń fi kún ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, ó ń ran dókítà lọ́wọ́ kí ó má baà fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kù fún aláìsàn ṣòfò lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ

Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ kíndìnrín tàbí thyroid, iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí aláìsàn tó wọ yàrá náà. Irú kókó bẹ́ẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, wọ́n á sì dí àwọn iṣan tó ń bọ́ kókó náà ní bí ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya nígbà tí ọ̀bẹ bá dé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé sinmi lórí ibi tí kókó wà. Ní ọrùn, wọ́n sábà máa ń gba iwájú. Ní àyà, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ la ìhà aláìsàn kí wọ́n tó dé eegun. Lóde òní, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń gba ẹ̀yìn, wọ́n á sì yà sí ẹ̀gbẹ́ okùn láti dé iwájú rẹ̀. Aláìsàn á dojú bolẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn kùn ún lóorun. Wọ́n á fi sukúrúù titanium sínú eegun tó le lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó bàjẹ́, ẹ̀rọ ẹ́síréè á sì máa fi ọ̀nà hàn wọ́n. Wọ́n á gé eegun ìbòrí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá rọra yọ jẹjẹrẹ tó yí okùn ká, láìfi irin kan okùn náà. Tí apá iwájú eegun bá ti jẹ tán, wọ́n á fi agolo irin tàbí sìmẹ́ńtì eegun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pá irin méjì tó so àwọn sukúrúù pọ̀ ni yóò máa gbé ìwúwo ara láti ọjọ́ náà lọ.

Kì í ṣe dandan kí wọ́n yọ gbogbo kókó. Ìyàtọ̀ ńlá tó dé láàárín ogún ọdún sẹ́yìn nìyí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní New York rí i pé ohun tó ṣe pàtàkì ni kí àyè mílímítà díẹ̀ wà láàárín okùn àti jẹjẹrẹ tó kù. Tí àyè yẹn bá ti wà, dókítà onítànṣán lè fi ẹ̀rọ tó péye gan-an da ìtànṣán tó lágbára bo jẹjẹrẹ náà láìjó okùn. Iṣẹ́ abẹ wá kéré sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò dín kù, ìtànṣán sì ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ń gbìyànjú láti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ewu àti ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e

Ewu wà níbẹ̀, aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀jẹ̀ lè ya. Ojú iṣẹ́ abẹ lè kẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kí ó sì gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú àwọn kan, ẹsẹ̀ lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ètò tí ìtọ́jú ń tẹ̀ lé náà ṣe kókó. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n ti fún ní ìtànṣán kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 32 nínú 100 ni ojú iṣẹ́ abẹ wọn ní ìṣòro. Nínú àwọn tí iṣẹ́ abẹ ṣáájú fún, 12 nínú 100 ni. Ara tí ìtànṣán ti kàn kì í tètè jinná. Bí iṣẹ́ abẹ bá máa wáyé rárá, ó dára kí ó ṣáájú, kí ìtànṣán sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti pa dé.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn padà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa yí i padà kí egbò àdùbúlẹ̀ má baà dá sí i ní ìdí, wọ́n á máa tọ́jú rọ́bà ìtọ̀, wọ́n á rí i pé kò ní ìgbẹ́ líle, wọ́n á sì gbé e dìde jókòó ní kété tí ara rẹ̀ bá gbà. Iṣẹ́ abẹ tó dára lè bàjẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó.

Ní ilẹ̀ wa

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn. Lọ́dún 1962 ni Látúndé Ọdẹkù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, padà láti Amẹ́ríkà wá dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn. Fún ìtànṣán náà, ibùdó NSIA-LUTH tó ṣí nílùú Èkó lọ́dún 2019 ní ẹ̀rọ tó bá ìgbà mu. Ohun tó ń dí aláìsàn lọ́wọ́ jù ni owó irin titanium àti ti MRI, ọ̀nà jíjìn, àti àkókò tó ti bá ilé àti ọjà lọ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Prostate ló ń pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọkùnrin nílẹ̀ wa, fún un sì ni ọ̀nà kan wà tí kò gbówó lórí. Charles Huggins fi hàn ní Chicago lọ́dún 1941 pé tí ohun tó ń ṣe ọkùnrin ní akọ, tí kórópọ̀n ń pèsè, bá dín kù nínú ara, jẹjẹrẹ prostate máa ń rẹlẹ̀; ó gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 1966. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí kò tíì gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí, lè jèrè púpọ̀ nínú yíyọ kórópọ̀n, tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò le, pẹ̀lú ìtànṣán, pàápàá níbi tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kò bá sí.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó tóbi jù wà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí aláìsàn: nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn abúlé, dókítà kékeré, ẹni tó ń ta oògùn. Ẹ bi gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn bóyá ó ti ní jẹjẹrẹ rí. Ẹ bi ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bí ó ṣe ń tọ̀, ẹ sì bi obìnrin bóyá kókó wà ní ọmú rẹ̀. Ẹ ní kí ó dìde, kí ó rìn lójú yín. Bí ìrora bá ń le lóru tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹ̀yìn náà tàbí kí ó fà á, torí eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ lè wó lábẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fi í ránṣẹ́ síbi tí MRI wà. Ẹni tó bá ṣì ń rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ló ní ìrètí jù pé yóò máa rìn lọ.